Ilẹ̀ Tí Àna Ro

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2025, ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́, ni mo kọ́kọ́ fojú kan Búrẹ́mọ̀ Ògúntóyè. Mo mú ṣòkòtò kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Igbó-Ọrà kí ó bá mi dín ìdí rẹ̀ kù. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, àwọn aránṣọ ń sinmi, kò sí oníbàárà kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Síbẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn. Nígbà tí mo yọjú, mo rí ọkùnrin kan tí ó tó ẹni ogójì ọdún, tí téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, tí ó tẹríba níwájú agbádá aláró kan tí a fi kọ́ ara ògiri. Agbádá náà ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ó ń wí fún un. "Ilẹ̀ náà dára. Ó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n…"

Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe pé ilẹ̀ náà ò dára…"

Ó gbúròó mi, ó yíjú padà, ojú sì tì í díẹ̀. Ó gba ṣòkòtò lọ́wọ́ mi, ó wo ìdí rẹ̀, ó ní kí n padà wá mú un ní ọjọ́ Sátidé. Bí mo ti fẹ́ máa lọ ni ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò retí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ ti gbéyàwó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ ti sọ fún bàbá ìyàwó yín rí pé wọ́n ṣe àṣìṣe?"

Mo ronú. Mo ní rárá.

"Ẹ ṣeun," ni ó wí, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dájọ́ fún.

Ohun tí mo kọ síhìn-ín, apá kan rẹ̀ ṣojú mi. Apá kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi nígbà tí a ti di ojúlùmọ̀.

Aránṣọ ni Búrẹ́mọ̀, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ Síkáòtù kékeré kan ní àdúgbò rẹ̀. Àṣẹ́kù aṣọ kakí ni ó kọ́kọ́ fi rán yunifọ́ọ̀mù fún Aliyyah, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn ọmọ ilé kejì rí i, wọ́n ní àwọn náà ń fẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lé ní ogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Láràárọ̀ Sátidé ni ó ń kó wọn jọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, tí ó ń kọ́ wọn ní oríṣiríṣi kókó okùn, bí a ti ń dáná nínú afẹ́fẹ́, àti bí ènìyàn ti ń fi oòrùn mọ ọ̀nà ilé. Kì í pariwo mọ́ wọn. Bí ọmọ kan bá ta kókó tí kò dára, yóò tú u, yóò sì tún dá okùn náà padà fún un.

Ohun kan ni ó ṣèlérí fún wọn tí kò tíì ṣe: pé àwọn yóò jọ lọ pàgọ́ sínú oko, kí wọ́n sùn síbẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni àwọn òbí fi kọ̀. Wọ́n ní kí ni ọmọ àwọn ń wá nínú igbó nígbà tí àwọn kò lé e jáde nílé. Ó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà níkẹyìn, Ìyá Àyàntọ́lá, tí ọmọ rẹ̀ méjì wà nínú ẹgbẹ́ náà, ni ó gba ẹnu gbogbo wọn sọ̀rọ̀.

"Bàbá Aliyyah, ẹ̀ẹ̀kan yìí la fún yín. Ẹ kó wọn lọ, ẹ kó wọn bọ̀. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ yáa padà sídìí abẹ́rẹ́ yín. Kò sí Síkáòtù mọ́ nìyẹn."

Ó ní òun gbọ́. Ó mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí òun bá yàn ni ẹgbẹ́ náà yóò dúró tàbí kí ó wó.

Nítorí náà kò fi yíyan ilẹ̀ ṣeré. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán, ó ń gun ọ̀kadà lọ wo oko kan tẹ̀lé òmíràn. Ó kọ ibi kan nítorí igi gbígbẹ tí ó lè wó lu ọmọ. Ó kọ ibòmíràn nítorí pé ipa màlúù gba àárín rẹ̀ kọjá. Níkẹyìn ó rí ilẹ̀ òkè kan lẹ́yìn oko kajú, lójú ọ̀nà Lanlate, níbi tí ènìyàn ti lè dúró kí ó rí títì, tí omi kò sì ní ohun tí yóò wá ṣe. Olóko náà gbà tayọ̀tayọ̀. Búrẹ́mọ̀ dé ilé, ó ròyìn fún Oyinadé ìyàwó rẹ̀, inú àwọn méjèèjì sì dùn.

Oyinadé lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ìdèrè ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọmọ tí ó bá lọ kí bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìròyìn lẹ́nu. Ó ròyìn ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì, fóònù Búrẹ́mọ̀ dún.

"Àna mi," ni bàbá wí, "mo gbọ́ pé ẹ ń wá ilẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Lọ́wọ́ àlejò."

Búrẹ́mọ̀ gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n sọ fún yín pé mo ti kú ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wúwo ju ìbínú lọ. "Ẹ wá rí mi lọ́jọ́ Àìkú."

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá níhìn-ín, ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọ ènìyàn a máa kó ọ̀rẹ́ àti ojúgbà rẹ̀ jọ, kí wọ́n gbé ọkọ́ lọ ro oko fún bàbá ìyàwó. Ọ̀wẹ̀ àna ni. Nígbà tí Búrẹ́mọ̀ ń gbéyàwó, kò ṣe é. Ọwọ́ tí ń di abẹ́rẹ́ mú kò mọ ọkọ́ í dì, bàbá sì fi ẹ̀rín fojú fò ó, ó ní kí ó máa rán agbádá fún òun lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rán an. Agbádá aláró tí mo bá a tí ó ń bẹ̀, ti ọdún yìí ni.

Nígbà tí ó dé Ìdèrè ní ọjọ́ Àìkú náà, bàbá kò fi ilẹ̀ kankan hàn án láti yàn. Ilẹ̀ tí ó ti ro tán ni ó mú un lọ wò. Òun àti àwọn ojúgbà rẹ̀, àwọn ọkùnrin tí ó ti kọjá àádọ́rin ọdún, ni wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta ro ó, tí wọ́n gbá ewé rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi àdá gé ẹ̀ka tí ó rẹlẹ̀ lára àwọn igi irúgbá kí orí ọmọ má bàa gbá a. Ọ̀wẹ̀ tí ó yẹ kí ọkọ ọmọ ṣe fún àna, àna ni ó ṣe é fún ọkọ ọmọ. Àwọn àgbà náà dúró ti ọkọ́ wọn, wọ́n ń wo ojú rẹ̀.

Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ibòòji rẹ̀ sì tutù. Ṣùgbọ́n Búrẹ́mọ̀ rí àmì ẹrẹ̀ lára ìdí àwọn igi náà, tí ó ga tó orúnkún. Ó rí koríko etí ilẹ̀ náà, níbi tí ọkọ́ kò dé, tí gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí apá kan ṣoṣo. Odò kékeré tí ó wà lẹ́yìn àwọn igi náà kò ju ohun tí ọmọdé lè fò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni. Bàbá ti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láti sinmi fún ọdún púpọ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n la títì tuntun ní apá òkè, tí wọ́n sì darí omi gọ́tà rẹ̀ sínú odò náà. Ohun tí bàbá mọ̀ nípa ilẹ̀ rẹ̀, ti ìgbà tí títì kò tíì sí ni.

"Ẹ wo ibòòji," ni bàbá wí.

"Mo rí i, bàbá."

"Ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Bàbá kì í pe Búrẹ́mọ̀ ní ìwọ. "Ẹ" ni ó ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyẹn pẹ̀lú sì jẹ́ ẹrù lórí rẹ̀.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, bàbá."

Ó dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́. Ó sọ fún mi pé nígbà tí àyà òun kan ilẹ̀, tí imú òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kan erùpẹ̀, ni òun rí iyanrìn odò láàárín erùpẹ̀ náà, funfun, kúnná bí iyọ̀. Ó ní òun pẹ́ nílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé òun kò mọ ojú tí òun yóò gbé dìde. Àwọn àgbà rò pé ọpẹ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àna rẹ mọ oore o."

Nígbà tí ó dé ilé, ó bẹ Oyinadé kí ó bá òun sọ fún bàbá rẹ̀.

"Kí n sọ kí ni?" ni Oyinadé bi í. "Ẹ̀yin ni ẹ dọ̀bálẹ̀ tẹ́ ẹ ní ó tẹ́ yín lọ́rùn. Kí n wá lọ sọ pé irọ́ ni ọkọ mi pa?"

"Sọ pé ìwọ lo rí i."

"Èmi tí mi ò débẹ̀? Bàbá Aliyyah, ẹ wá nǹkan mìíràn wí."

Ohun tí ènìyàn kò lè sọ fún àna rẹ̀, alárenà ni ó ń gbé e. Màmá Tósìn ni ó ṣe alárenà nígbà tí Búrẹ́mọ̀ ń fẹ́ Oyinadé. Obìnrin àgbà ni, òwú àti bọ́tìnnì ni ó ń tà fún àwọn aránṣọ. Búrẹ́mọ̀ rán an sí Ìdèrè. Nígbà tí mo padà lọ mú ṣòkòtò mi ní ọjọ́ Sátidé, mo bá Màmá Tósìn níbẹ̀ tí ó ń jábọ̀, iṣu ńlá méjì tí bàbá fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́," ni ó wí.

"Ẹ ṣeun, màmá. Kí lẹ sọ?"

"Mo ní, bàbá, àna yín kí yín, wọ́n ní ilẹ̀ yẹn súnmọ́ omi."

"Ẹ̀yin ò sọ pé ẹ̀rù ń bà mí?"

"Búrẹ́mọ̀, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ro oko fún ọ, mo wá fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ kí n pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rù? Mo ní ó súnmọ́ omi. Àgbà ni bàbá, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó o."

"Kí ni wọ́n wí?"

Màmá Tósìn fi ọwọ́ kan iṣu kan. "Inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé o máa rí i. Wọ́n ní torí omi náà làwọn ṣe yàn án, káwọn ọmọ má bàa ru omi jìnnà." Ó ti iṣu náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọ́n tún ti ro ó sí i, títí dé etí odò."

Búrẹ́mọ̀ wo agbádá tí ó wà lára ògiri. Ó mú ṣòkòtò mi fún mi. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀ mí kí n bá òun lọ pàgọ́ náà, nítorí pé àwọn òbí ní kí àgbà kan tẹ̀lé wọn. Mo gbà.

Ìsinmi Àjíǹde ni a lọ. Ní ọjọ́ Túsìdeé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin, a dé Ìdèrè pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Búrẹ́mọ̀ ti rí ọgbọ́n kan dá lọ́nà. Ó ní kí wọ́n pa àwọn àgọ́ sí orí òkìtì kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti ga, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ tí bàbá ro ṣe pápá ìṣeré. "Bí onílé bá fún ọ ní yàrá àti pálọ̀," ni ó sọ fún mi, "kò sí ẹni tí ó ní o gbọ́dọ̀ sùn sí pálọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ó rẹ́rìn-ín.

Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú méjì nínú àwọn ojúgbà rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n ìbẹ́pẹ lérí, ọkùnrin ọlọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó wo àwọn àgọ́ lórí òkìtì, ó wo ilẹ̀ tí ó ro, tí ó ṣófo lábẹ́ igi.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ó wí. "Mo rí i pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀bá ọ̀nà."

"Bàbá, ìsàlẹ̀ ni a fẹ́ kí wọ́n ti máa ṣeré."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ojúgbà rẹ̀ kan, tí ó ń jẹ́ Akínyẹlé, tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo wí fún ọ," ni ó sọ fún bàbá. "Mo ní àwọn ọmọ Igbó-Ọrà ò ní sùn sílẹ̀. O ní kí n máa ro nìṣó. Ẹ̀yìn mi ò tíì nà títí di òní."

Ẹnì kejì rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ agbọ̀n náà kalẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ máa jẹ ìbẹ́pẹ, ó sì yí padà láti máa lọ. Ó ti rin jìnnà díẹ̀ kí Búrẹ́mọ̀ tó pè é.

"Bàbá, a ń kó wọn sọ̀kalẹ̀ báyìí. A kàn ń dúró kí oòrùn rọlẹ̀ ni."

Ó yíjú sí àwọn ọmọ. Ó ní kí wọ́n tú okùn. Kókó tí ó fi odindi ọ̀sán kọ́ wọn bí a ti ń ta á ni wọ́n tú, wọ́n sì kó àwọn àgọ́ lọ sábẹ́ igi irúgbá. Bàbá fúnra rẹ̀ bá wọn kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn òkúta gbá a, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ sẹ́nu.

Búrẹ́mọ̀ kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́rú, ó kó gbogbo eré, gbogbo ẹ̀kọ́ àti ìdáná gòkè lọ sórí òkìtì, ó sì ń wá ìdí tuntun láti mú àwọn ọmọ náà dúró síbẹ̀. Wọ́n wá igi ìdáná, wọ́n tọ ipasẹ̀ ara wọn, wọ́n tún tọ ọ́. Ó ń wo ojú ọ̀run.

Lẹ́yìn ọ̀sán, oòrùn ń ràn lórí wa, ṣùgbọ́n apá òkè odò ti ṣú dúdú bí ìdí ìkòkò. Òjò kò rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. A kàn gbọ́ ìró kan, bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Omi náà yọ láti ẹ̀yìn àwọn igi, ó pọ́n, ìfófòó wà lójú rẹ̀, kò sì yára. Ó wọ inú àgọ́ kìn-ín-ní, ó wọ ìkejì, bí ẹni tí ó mọ ilé. Ó kọ́kọ́ gbé bàtà àwọn ọmọ jáde, lẹ́yìn náà ó gbé àpò ìrẹsì, lẹ́yìn náà àwọn àgọ́ fúnra wọn wú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Búrẹ́mọ̀ ka àwọn ọmọ, ó tún wọn kà. Gbogbo wọn pé lórí òkìtì.

"Bàbá mi, àpò mi ń lọ," ni Aliyyah wí.

"Jẹ́ kó máa lọ."

Ilé bàbá ni a kó wọn lọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè. Àwọn òbí ti gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kadà ti ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyinadé bá wọn dé. Ìyá Àyàntọ́lá fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó lọ wo ibi tí àwọn àgọ́ wà, ó sì padà wá dúró níwájú Búrẹ́mọ̀ nínú àgbàlá. Kò pariwo.

"Mo rí ẹrẹ̀ àtijọ́ tó ti gbẹ lára igi, lókè ibi tí omi òní dé," ni ó wí. "Mo rí koríko tó sùn. Èmi tí mi ò ṣe Síkáòtù rí rí i. Kí lẹ wá ń kọ́ àwọn ọmọ wa láràárọ̀ Sátidé?"

Búrẹ́mọ̀ tẹríba. Bàbá wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Ó gbé ojú sókè wo ọkọ ọmọ rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á láti béèrè ohun tí ó fẹ́ béèrè.

"Bàbá Aliyyah. Àmì tí wọ́n ń wí yìí, ẹ̀yin náà ò rí i lọ́jọ́ tí mo mú yín débẹ̀?"

Àwa tí a mọ òtítọ́ níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, kò sì sí èyí tí ó tọ́ fún láti sọ ọ́ nínú wa. Oyinadé di òpó ilé bàbá rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀.

"Mi ò rí i, bàbá," ni Búrẹ́mọ̀ wí.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Èmi náà ò rí i," ni ó wí.

Àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Igbó-Ọrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọkùnrin tí ó bá gbé aṣọ wá fún un a máa sọ pé, "Télọ̀, ẹ má rán ṣòkòtò mi sójú omi o," òun náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, orí àna rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà yóò balẹ̀ sí. Ó parí agbádá náà, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e lọ sí Ìdèrè pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo tún yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà. Mo ti gba ẹ̀gbẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́ náà kọjá. Ewúrẹ́ ni mo rí níbẹ̀. Àwọn yunifọ́ọ̀mù kakí tí ó ti rán sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tuntun wà nínú àpótí gíláàsì, ó ká wọn dáadáa, kò sì sí ẹni tí ó wá gbà wọ́n. Aliyyah nìkan ni ó wọ tirẹ̀, ó jókòó sórí àga kan, ó ń ta okùn kan ní kókó, ó ń tú u. Mo béèrè àlàáfíà bàbá lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn.

"Bàbá ránṣẹ́ pè mí lánàá. Wọ́n mú mi lọ wo ilẹ̀ òkè kan lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n ní ti ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, àwọn ti ro ó tán. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Ilẹ̀ náà dára, sà. Omi ò lè débẹ̀ láéláé. Ọmọ tí mo máa kó lọ síbẹ̀ ni mi ò ní."